Gáàsì Tó Ń Pani, Tí Ara Wa Náà Ń Ṣe: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Háídrójìn Sọ́fáìdì

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé pátá. Alága ìjókòó, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níwájú, mo yíkàá o. Ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ dúró sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn torí pé àga ò kárí, ẹ kú ìdúró, ẹsẹ̀ ò ní ro yín o.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí gáàsì kan ṣoṣo. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan, ó ní ṣé gáàsì tó ń rùn yẹn náà ni, kí ló wà níbẹ̀ téèyàn fẹ́ fi gbogbo ọ̀sán sọ? Mo ní jẹ́ n lọ sọ ọ́ ná. Ó wà níjókòó báyìí, mo ti rí i.

Ẹ jẹ́ n fi ìbéèrè méjì bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́, ta ló ti gbọ́ òórùn ẹyin tó bàjẹ́ rí nínú wa? Ẹ nawọ́ sókè. Ẹ ṣeun, gbogbo wa ni. Òórùn yẹn, gáàsì tí wọ́n ń pè ní háídrójìn sọ́fáìdì ló ń gbé e wá, H2S ni wọ́n máa ń kọ ọ́ ní kúkúrú, háídrójìn méjì tó so mọ́ sọ́fọ̀ ẹyọ kan, sọ́fọ̀ yìí náà là ń pè ní imí ọjọ́. Ìbéèrè kejì, ta ló mọ̀ pé bá a ṣe jókòó yìí, inú ọpọlọ wa, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wa, inú ẹ̀dọ̀ wa, ara ń ṣe gáàsì yìí kan náà lọ́wọ́? Ẹ wò ó, ọwọ́ ti wálẹ̀. Méjì mẹ́ta ló kù, akẹ́kọ̀ọ́ mi sì làwọn yẹn.

Ohun tó gbé mi wá nìyẹn. Báwo ni ohun tí gbogbo ayé mọ̀ sí májèlé ṣe wá di ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá kiri inú ara bí ẹni ń wá wúrà? Ta ló kọ́kọ́ rí i? Kí ni wọ́n ṣì mú níbẹ̀? Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí ohun kan bá a ṣe ń lọ, pé gbogbo ìgbà tí ìmọ̀ yìí bá ti sún síwájú, ẹ máa rí i pé ẹnì kan ló wà níbẹ̀ tó lọ wọn ohun táwọn yòókù rò pé kò yẹ ní wíwọ̀n.

Ọkùnrin tó ń sáré nínú kòtò

Ẹ bá mi ká lọ sí ìlú Modena ní Ítálì, kó tó di ọdún 1700. Dókítà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Bernardino Ramazzini. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wá kó ìgbẹ́ kúrò nínú kòtò ilé ẹ̀, dókítà wá ń wo ọ̀kan nínú wọn bó ṣe ń fi gbogbo agbára sáré ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Àánú ẹ̀ ṣe é, ó bi í pé kí ló dé tó ò rọra ṣe é, kó má baà rẹ̀ ẹ́ jù? Ọkùnrin yẹn gbójú sókè látinú kòtò, ó ní ẹni tí ò bá ṣe irú iṣẹ́ yìí rí ò lè mọ ohun tójú ń rí téèyàn bá lò ju wákàtí mẹ́rin lọ níbẹ̀, ó ní bí ìgbà téèyàn bá fọ́jú ló rí. Nígbà tó jáde, dókítà yẹ ojú ẹ̀ wò, ojú ti pọ́n kankan, ó sì ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n tún sọ fún un pé owó bàbà tó bá wà lápò àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà máa ń dúdú.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an ni. Iṣẹ́ àwọn èèyàn yẹn, ojú ni gbogbo ìlú máa ń gbé kúrò níbẹ̀, àmọ́ dókítà yìí dúró, ó wò ó, ó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá tó ṣe lórí àrùn àwọn òṣìṣẹ́ ní 1700. Kò mọ orúkọ gáàsì náà o. Ṣùgbọ́n ó ti rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ lójú èèyàn, ó sì ti gbúròó ẹ̀ lára owó bàbà. Ó di 1777 kí Carl Wilhelm Scheele, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Sweden, tó ṣe gáàsì yìí fúnra ẹ̀ tó sì ṣàlàyé ohun tó wà nínú ẹ̀.

Kí wá ló burú nínú ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, a máa ń fi gáàsì yìí ṣe àyẹ̀wò mẹ́tàlì ní láàbù, ìyẹn ni pé tó o bá tú u sínú omi tí kọ́pà wà nínú ẹ̀, omi náà á dúdú, ìgbà yẹn lo máa mọ̀ pé kọ́pà ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, fèrèsé wà ní títì, òórùn yẹn bò wá mọ́lẹ̀, gbogbo wa ń fọwọ́ dímú. Nígbà tó yá ẹnì kan nínú wa ní ẹ ṣeun Ọlọ́run, òórùn yẹn ti lọ. Òótọ́ ni, èmi náà ò gbọ́ ọ mọ́. Ọ̀gá tó ń mójú tó wa gbọ́ ohun tí ọmọ yẹn sọ, ńṣe ni wọ́n pariwo, ó di síta, síta gbogbo yín! A rò pé ọ̀gá ń ṣàṣejù ni. Ìta ni wọ́n ti wá ṣàlàyé fún wa pé òórùn ò lọ síbì kankan, imú wa ló ti kú sí i.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí o. Imú èèyàn lè gbọ́ gáàsì yìí bó ṣe wù kó kéré tó, kódà kó má tó ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti tó 100 nínú mílíọ̀nù, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan imú ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Tó bá tó 500 sí 700, èèyàn á ṣubú. Tó bá tó 1000, ojú ẹsẹ̀ ni ẹ̀mí lè bọ́. Àwọn àgbà ní eéfín nìwà, kò ṣeé bò mọ́ra, àmọ́ èyí yàtọ̀, èyí mọ bó ṣe ń bo ara ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ pani. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń gbọ́ pé ẹnì kan wọ inú kòtò, kò jáde, ẹnì kejì wọlé lọ yọ ọ́, òun náà ò jáde, ẹnì kẹta tún tẹ̀ lé e. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń dùbúlẹ̀ sí dè wọ́n. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní pàápàá, ní 1916, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lò ó bí ohun ìjà.

Bó ṣe ń pani nìyí. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ara wa ló ní àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní mitokọ́ńdríà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọ́ksíjìn dáná oúnjẹ tá a bá jẹ, kó lè di agbára. Ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn èròjà tó ń mú kí iṣẹ́ inú ara yá, wà níbẹ̀ tó jẹ́ òun ló ń gba ọ́ksíjìn wọlé, cytochrome c oxidase lorúkọ ẹ̀. Háídrójìn sọ́fáìdì á wá lẹ̀ mọ́ ọn, á dí i. Ọ́ksíjìn wà nínú ẹ̀jẹ̀ o, ó kún fọ́fọ́, sẹ́ẹ̀lì ni ò rí i lò. Bí ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ pa láàárín odò.

Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, tẹ́ ẹ bá ṣí ìwé ìṣègùn wo, ibì kan ṣoṣo lẹ máa bá gáàsì yìí, lábẹ́ májèlé.

Àwọn eku tí ẹnikẹ́ni ò fún ní májèlé

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí la dé yìí. Alberta, ní Kánádà, ilẹ̀ tí gáàsì àti epo pọ̀ sí ni, gáàsì ilẹ̀ wọn sì máa ń ní H2S nínú dáadáa. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì ibẹ̀ wá ń wádìí bí májèlé yìí ṣe ń ba ọpọlọ jẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe ò díjú. Wọ́n fún àwọn eku kan ní májèlé, wọ́n wọn iye sọ́fáìdì tó wà nínú ọpọlọ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé onímọ̀ tó bá mọṣẹ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àwọn tó máa fi ṣe àfiwé, nítorí náà wọ́n tún mú àwọn eku tí wọn ò fún ní nǹkan kan, wọ́n wọn tiwọn náà.

Kí lẹ rò pé wọ́n bá níbẹ̀? Òdo, àbí?

Kì í ṣe òdo o! Wọ́n bá sọ́fáìdì nínú ọpọlọ àwọn eku tí wọn ò fún ní májèlé. 1989 ni wọ́n gbé èyí jáde. Láàárín ìgbà yẹn kan náà, àwọn míì wọn ọpọlọ màlúù, wọ́n wọn ọpọlọ èèyàn, wọ́n bá a níbẹ̀ náà. Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí. Ẹlòmíì á ní bóyá igo ni ò mọ́, á da nọ́ńbà yẹn nù, á máa bá tiẹ̀ lọ. Iṣẹ́ májèlé ni wọ́n ń ṣe, nọ́ńbà àfiwé lásán ni. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ n yà bàrá díẹ̀, torí pé ohun míì ń ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí rílé wọ̀. Gáàsì kan wà tó ń jẹ́ náítríìkì ọ́ksáìdì, èyí tó máa ń wà nínú èéfín mọ́tò. Láàárín 1980 sí 1987 ni wọ́n tú àṣírí ẹ̀ pé ara wa ń ṣe é, pé òun gan-an ló ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn mi ayé ìmọ̀ tìtì, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún Furchgott, Ignarro àti Murad ní 1998. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì tẹ̀ lé e, gáàsì jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odindi ìdílé lójú oorun, wọ́n ní òun náà ń jíṣẹ́ nínú ọpọlọ. Torí náà àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé àṣé gáàsì lè jẹ́ ońṣẹ́ nínú ara.

Ìgbà yẹn ni Hideo Kimura, ará Japan, tó ń ṣiṣẹ́ ní Tokyo, wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní Kánádà yẹn. Ìbéèrè tiẹ̀ ò jọ ti ẹnikẹ́ni. Àwọn tó kù ń béèrè pé báwo ni májèlé yìí ṣe ń ṣọṣẹ́. Òun ní tó bá wà nínú ọpọlọ eku tí nǹkan kan ò ṣe, iṣẹ́ wo ló ń ṣe níbẹ̀? Òun àti Kazuo Abe wá ìdí ẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní 1996. Wọ́n rí i pé ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní CBS wà nínú ọpọlọ tó ń fi sisitéènì, ọ̀kan nínú èròjà puroteénì tá à ń jẹ, ṣe gáàsì yìí. Wọ́n tún rí i pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ láàárín sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan sí èkejì túbọ̀ dúró ṣinṣin, ní apá ọpọlọ tí ìrántí ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1997, wọ́n rí ẹ́ńsáìmù kejì, CSE, nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ó di 2009 kí láàbù Kimura yìí kan náà tó kéde ẹ̀kẹta nínú ọpọlọ.

Ẹnu yà mí nígbà tí mo kọ́kọ́ ka pépà 1996 yẹn, mo tún un kà. Ohun tá a ti ń sá fún láti ìgbà Ramazzini, ara ní ẹ̀rọ mẹ́ta tó ń pèsè ẹ̀!

Ó di ọ̀rọ̀ iṣan ẹ̀jẹ̀

Ní 2001, Rui Wang àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Saskatchewan, ní Kánádà náà, fi hàn pé H2S máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀, wọ́n sì sọ ọ̀nà tó ń gbà ṣe é. Ilẹ̀kùn kéékèèké kan wà lára sẹ́ẹ̀lì tí potásíọ́ọ̀mù máa ń gbà jáde, gáàsì yìí á ṣí i, sẹ́ẹ̀lì á fara balẹ̀, iṣan á dẹ̀. Lọ́dún 2002, ó kọ pépà kan tó fi béèrè bóyá ẹnì kẹta ti dé bá náítríìkì ọ́ksáìdì àti kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì, ó sì fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórúkọ kan, gasotransmitter. Èmi máa ń pè wọ́n ní gáàsì ajíṣẹ́. Ẹ má fojú kéré orúkọ o, orúkọ ọmọ ní ń ro ọmọ. Látìgbà tí wọ́n ti ní orúkọ yẹn ni pépà lórí H2S ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya bí omi.

Ṣùgbọ́n àwọn oníyèméjì ní ẹ ń da gáàsì sí iṣan láti ìta, ẹ ní ó dẹ̀, ṣé ìyẹn fi hàn pé ara fúnra ẹ̀ ń lò ó bẹ́ẹ̀ ni? Ìbéèrè tó dáa ni. Ọ̀nà kan tí wọ́n lè gbà dáhùn ni kí wọ́n mú ẹ̀rọ tó ń ṣe é kúrò, kí wọ́n wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ní 2008, ẹgbẹ́ Rui Wang àti Solomon Snyder ti Johns Hopkins gbé e jáde pé àwọn bí eku tí ò ní ẹ́ńsáìmù CSE yìí láti ìbí, ìfúnpá wọn ga bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Ìròyìn yẹn kárí ayé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, ẹ wá sọ pé gáàsì tó ń rùn ló ń dènà ẹ̀!

Tí mo bá dákẹ́ síbẹ̀, mo ti rẹ́ yín jẹ. Ní 2010, àwọn ará Japan kan gbé eku tiwọn jáde, àwọn náà mú CSE kúrò, eku tiwọn ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun kan náà ni wọ́n yọ, àbájáde yàtọ̀. Bóyá irú eku ni, bóyá oúnjẹ ni, àríyànjiyàn ló kù. Mo ń sọ èyí torí pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa ka àkọlé kan tẹ́ ẹ sì máa fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tó tẹ̀ lé e náà.

Aáyù ńkọ́? Ẹnì kan ti ń ṣẹ́jú sí mi níbẹ̀ yẹn. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ní Birmingham, Alabama fi hàn pé tí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ èèyàn bá pàdé èròjà sọ́fọ̀ inú aáyù, wọ́n máa ń yọ H2S jáde, iṣan á sì dẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ inú láàbù ni, ẹ má tìtorí ẹ̀ da oògùn ìfúnpá yín nù o, mo bẹ̀ yín.

Eku tó sùn wákàtí mẹ́fà

Ọdún 2005 ni ọ̀rọ̀ yìí gbòde kan. Mark Roth àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, fi eku kéékèèké sínú àpótí, wọ́n fẹ́ H2S tó tó 80 nínú mílíọ̀nù sí wọn. Àwọn eku náà ò kú. Wọ́n rọra ń lọ sílẹ̀, lọ sílẹ̀. Eku tó ń mí nǹkan bí 120 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, èémí ẹ̀ ò tó mẹ́wàá mọ́. Ara wọn tutù títí ó fi sún mọ́ bí yàrá ṣe tutù sí. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì wọn ń ṣe ti já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n wá dá afẹ́fẹ́ tó dáa padà fún wọn, wọ́n jí, wọ́n ń rìn, kò sí ohun tó ṣe wọ́n tí wọ́n lè tọ́ka sí.

Ẹ rò ó wò. Ẹni tí mọ́tò gbá tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹni tí ọkàn ẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, tó bá ṣeé ṣe láti mú kí ara ẹ̀ falẹ̀ títí wọ́n á fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ̀mí mélòó ni ì bá má bọ́? Èmi gan-an, inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo kà á débi pé mi ò sùn.

Wọ́n wá gbìyànjú ẹ̀ lára ẹlẹ́dẹ̀ àti àgùntàn ní 2008. Kò ṣiṣẹ́. Àwọn ẹranko ńlá ò sùn bẹ́ẹ̀. Ara eku kékeré máa ń yára jó epo, ó sì máa ń yára tutù, ara ńlá ò rí bẹ́ẹ̀, gáàsì tí ì bá tó láti mú un falẹ̀ ti sún mọ́ èyí tó máa pa á. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé tí wọ́n bá ní nǹkan ṣiṣẹ́ lára eku, kí n kọ́kọ́ béèrè pé báwo ni eku náà ṣe tóbi tó.

Aró tó parọ́

Ẹ bá mi fara balẹ̀ níbí, torí pé ọ̀pọ̀ ò fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Nọ́ńbà tí gbogbo ilé yìí dúró lé, iye H2S inú ọpọlọ, 50 sí 160 máíkrómólà, ìyẹn ìwọ̀n bí nǹkan ṣe pọ̀ sí nínú omi, ni wọ́n ń kọ nígbà náà, pépà lórí pépà. Báwo ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń wọ̀n ọ́n? Wọ́n á lọ ẹran ara náà, wọ́n á da kẹ́míkà sí i, ásíìdì líle wà nínú ẹ̀, tí sọ́fáìdì bá wà níbẹ̀ á di aró, bí aró bá ṣe dúdú sí ni wọ́n á fi mọ iye ẹ̀.

Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́, ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ásíìdì yẹn ni ìsàlẹ̀ tí wọn ò wò. Sọ́fọ̀ pọ̀ nínú ara tó so mọ́ puroteénì, tó jókòó jẹ́ẹ́, tí kì í ṣe gáàsì. Ásíìdì á dé, á já a gbà, á di gáàsì nínú igo. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n á wá rò pé bó ṣe wà nínú ọpọlọ nìyẹn. Ohun tí òun fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ló ń wọ̀n!

Ta ló wá já a? Michael Levitt wà níbẹ̀, dókítà kan ní Minneapolis tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí gáàsì inú ìfun, iṣẹ́ táwọn kan lè máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lo ọ̀nà tó ń wọn gáàsì gan-an gan-an, wọ́n gbé e jáde ní 2008 pé iye tó wà nínú ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ eku ò ju nánómólà mélòó kan lọ, ẹgbẹ̀rún nánómólà ló sì ń di máíkrómólà kan, ìyẹn ni pé ó kéré sí èyí tí wọ́n ń kọ tẹ́lẹ̀ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá bi ara yín, ìbéèrè tí ọmọdé lè béèrè ni, tó bá pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń sọ, ṣé dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ lórí ọpọlọ ò ní gbọ́ òórùn ẹyin tó bàjẹ́ lójoojúmọ́ ni? Imú ti ń jẹ́rìí láti ọjọ́ yìí, ẹ̀rọ là ń gbà gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ńlá lèyí. Torí tó o bá gbà pé 100 máíkrómólà ló wà nínú ara, 100 lo máa dà sórí sẹ́ẹ̀lì nínú abọ́, wàá wá kọ pé ohun tí ara ń ṣe nìyí. Ọ̀pọ̀ pépà ló ṣe bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ sọ́fáìdì tí wọ́n ń lò náà dá kún un, tó bá kan omi báyìí gáàsì ẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tán, ara kì í sì í ṣe tiẹ̀ bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ lara ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Singapore fi gbé GYY4137 jáde ní 2008, kẹ́míkà tó ń tú u sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mi ò ní irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Gáàsì náà wà, ara ń ṣe é, ara sì tún ń yára jó o dànù, ìdí tí kì í fi í kóra jọ nìyẹn. Kódà ní 2007 àwọn onímọ̀ ní Faransé fi hàn pé tó bá jẹ́ díẹ̀, mitokọ́ńdríà inú sẹ́ẹ̀lì ìfun wa máa ń fi ṣe epo ni, wọ́n ń fi dáná. Ilé iṣẹ́ tí púpọ̀ ẹ̀ ń tì pa, díẹ̀ ẹ̀ ń bọ́ ọ. Snyder àtàwọn èèyàn ẹ̀ sì tún fi hàn ní 2009 pé ó máa ń lẹ sọ́fọ̀ mọ́ ara puroteénì, kí puroteénì náà lè yí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Ìyẹn lónìí ni ọ̀pọ̀ gbà pé ó jẹ́ ojúlówó ọ̀nà tó ń gbà jíṣẹ́.

Àwọn ọmọ tí ara wọn ò lè jó o dànù

Ṣé àǹfààní kankan wá ti ti ibẹ̀ jáde fún èèyàn? Ẹ jẹ́ n fi èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ṣáájú.

Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn kan tó ṣọ̀wọ́n, ethylmalonic encephalopathy. Ọpọlọ wọn ń bàjẹ́, ìgbẹ́ gbuuru ò dá, àmì pupa máa ń sọ lára wọn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn á dà bí aró, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í pẹ́ láyé. Ní 2004 wọ́n rí jíìnì, ìyẹn àṣẹ tá a jogún tó ń darí iṣẹ́ ara, tó bàjẹ́ lára wọn, ETHE1 lorúkọ ẹ̀, àmọ́ kí ni jíìnì náà ń ṣe? Ní 2009, Valeria Tiranti, Massimo Zeviani àtàwọn ẹgbẹ́ wọn ní Milan dáhùn ẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ni láti bá wa palẹ̀ sọ́fáìdì mọ́. Àwọn ọmọ yìí ò ní i, nítorí náà gáàsì yìí ń kóra jọ sí wọn lára, ó ń dí ẹ́ńsáìmù tó ń gba ọ́ksíjìn wọlé yẹn gan-an tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó wà nínú kòtò Modena, àfi pé inú ara wọn ni kòtò wà.

Ibo ni púpọ̀ nínú sọ́fáìdì yẹn ti ń wá? Bakitéríà inú ìfun wà lára àwọn tó ń ṣe é. Wọ́n wá rò ó pé ṣebí oògùn tó ń pa irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀, metronidazole, oògùn tí gbogbo wa mọ̀. Wọ́n pa á pọ̀ mọ́ oògùn míì tó ń jẹ́ N-acetylcysteine, wọ́n fún eku tó ní àrùn náà, ẹ̀mí wọn gùn sí i, wọ́n fún àwọn ọmọ mélòó kan, ara wọn mókun sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. 2010 nìyẹn. Kì í ṣe pé ó wo àrùn náà sàn o. Ṣùgbọ́n ìyá tí wọ́n ti sọ fún pé kò sí nǹkan tá a lè ṣe, wọ́n padà wá fún un ní nǹkan. Tí kì í bá ṣe ti eku àfiwé 1989, tí kì í bá ṣe pé àwọn kan ti ń wá H2S kiri inú ara, ta ni ì bá ronú débẹ̀?

Àrùn Down náà wà níbẹ̀. Orí krómósómù 21, ọ̀kan lára àwọn okùn tó gbé jíìnì wa, ni jíìnì ẹ́ńsáìmù CBS yẹn wà, àwọn tó ní àrùn Down sì ní mẹ́ta ẹ̀ dípò méjì. Pierre Kamoun ní Paris ló gbé e wá pé ó ṣeé ṣe kí ara wọn máa ṣe H2S ju bó ṣe yẹ lọ, ní 2003 ó sì fi hàn pé ohun tó kù lẹ́yìn tí ara bá jó sọ́fáìdì pọ̀ nínú ìtọ̀ wọn. Iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí ìyẹn.

Oògùn ńkọ́? John Wallace ní Calgary wo ìṣòro kan tí gbogbo dókítà mọ̀, pé oògùn ara ríro bíi naproxen máa ń dá ọgbẹ́ sí ikùn. Ó so ohun tó ń tú H2S sílẹ̀ mọ́ naproxen, torí pé gáàsì yìí máa ń dáàbò bo awọ inú ikùn. Wọ́n dán an wò lára èèyàn 244 tí ara wọn le, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó lo naproxen lásán, 42 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ọgbẹ́. Àwọn tó lo tuntun, kò tó 3. Mo rántí pé mo pàtẹ́wọ́ nínú yàrá mi. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tẹ̀ síwájú nínú àyẹ̀wò, ní 2021, èròjà tó ń fi hàn pé nǹkan ń ṣe ẹ̀dọ̀ lọ sókè nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan, wọ́n dá àyẹ̀wò yẹn dúró. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí, ẹ bá wọn kẹ́dùn, ẹ má bá wọn bínú. Díẹ̀ ṣoṣo ló wà láàárín èyí tó tó àti èyí tó pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ sì wà lára ibi tí ara ti ń fúnra ẹ̀ ṣe gáàsì yìí jù.

Kí n tó jókòó, àwọn tó ń wọ inú kòtò ńkọ́? Láti 1700 dé òní, wọ́n ṣì ń kú. A ti mọ bó ṣe ń pani, a mọ ẹ́ńsáìmù tó ń dí, a mọ̀ ọ́n tán. Wọ́n ti ń dán èròjà tó jọ fítámì B12 wò lára ẹranko, èyí tó máa ń dì mọ́ sọ́fáìdì kó má baà ráyè, àwọn àbájáde kan níbẹ̀ ń fúnni nírètí. Ó wù mí kí àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbí gba ibẹ̀ lọ, torí pé owó ìwádìí ń lọ síbi ọkàn àti ìfúnpá, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yẹn la ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ gáàsì yìí.

Alága ń wo aago, mo ti rí yín, sà. Mo ti rí ọwọ́ ìyá kan níwájú níbẹ̀ yẹn, àti ti ọmọkùnrin tó dúró sẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fún màmá ní makirofóònù.